Ta Ló Ń Wo Oníbéèsì?

Nínú gbogbo àwọn tó ń lùlù, tó ń ta gìtá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, oníbéèsì ni ojú kì í sábà dúró lára rẹ̀. Akọrin wà níwájú pẹ̀lú máíkì lọ́wọ́. Onílù jókòó sáàárín ìlù rẹ̀, igi ń fò lọ́wọ́ rẹ̀. Onídùùrù ni pásítọ̀ máa ń wò bó bá fẹ́ kí orin rọlẹ̀. Oníbéèsì wà lẹ́yìn gbogbo wọn, nítòsí ògiri, ó ń mirí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ kan rò. Bó bá ta á re, ìjọ á jó, wọn ò ní mọ ohun tó gbé ẹsẹ̀ wọn. Ọjọ́ tí kò bá wá ni wọ́n tó máa ń sọ pé orin ọjọ́ náà ṣe bákan, pé kò kún.

Mo ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Karmo, ní Àbújá. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò yìí á pa àwọn kan lẹ́rìn-ín: kí ló dé tí ẹni tí ojú kì í dúró lára rẹ̀ fi máa ń tú irin tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kúrò lára gìtá rẹ̀, tí á fi aláwọ̀ wúrà tàbí dúdú rọ́pò rẹ̀? Igi kan náà ni, okùn kan náà ni, ohùn kan náà ni. Owó ló lọ. Síbẹ̀ à ń ṣe é. Bí oníbéèsì méjì bá pàdé, ìbáà jẹ́ ní Karmo, ní Jabi tàbí ní Gwarinpa, kí wọ́n tó kíra tán ni ojú wọn á ti lọ sórí gìtá ara wọn, bóyá irin rẹ̀ funfun, bóyá wúrà ni, bóyá dúdú ni.

Ẹni tí kò gbé béèsì rí lè má mọ̀ pé irin ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Péègì mẹ́rin ló wà lórí, èyí tí a fi ń fa okùn le tàbí tí a fi ń dẹ̀ ẹ́. Márùn-ún ni bí gìtá náà bá jẹ́ olókùn márùn-ún. Ìsàlẹ̀ ni bíríìjì wà, irin pẹlẹbẹ tí ìdí okùn há sí, pẹ̀lú àwọn irin kéékèèké tí okùn gùn lé. Nọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta wà lójú rẹ̀ tí a fi ń yí ohùn. Ihò jáàkì wà, bọ́tìnì méjì wà tí a fi ń kọ́ bẹ́líìtì ìgbékọ́rùn. Lẹ́yìn, níbi tí ọrùn ti so mọ́ ara, irin onígun mẹ́rin kan wà tí sukúrù mẹ́rin gba inú rẹ̀ kọjá. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, kò lè kún abọ́ ìmùkọ kan. Ṣùgbọ́n bí iná bá tàn sí gìtá, òun ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé.

Karmo kì í ṣe apá ibi tí wọ́n ń mú àlejò Àbújá lọ wò. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni látìbẹ̀rẹ̀. Lónìí, kò sí èdè tí o kò ní gbọ́ lójú títì rẹ̀. Ó wà nítòsí Idu, níbi tí ọkọ̀ ojú irin Kaduna ti ń gbéra láti ọdún 2016, kò sì jìnnà sí Life Camp tí àwọn ilé onígéètì ńlá wà. Ní Karmo, aṣọ òkìríkà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀, gìtá wa náà kò sì yàtọ̀ sí i. Tòkunbọ̀ ni, tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà tàbí Indonéṣíà tó gba Èkó wọlé. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ pé àwọ̀ wo lo fẹ́. Èyí tó jáde nínú kọ̀ǹténà, tí owó rẹ ká, ni wàá gbà, ìbáà jẹ́ pupa, ìbáà jẹ́ búlúù bíi garawa ìpọnmi.

Níbí ni ọ̀rọ̀ irin ti wọlé. O kò lè pààrọ̀ igi. Bí o bá ní kí wọ́n tún un kùn, ó di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó kùn ún sì lè bà á jẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n sukudíráfà kan àti ìrọ̀lẹ́ kan tó láti tú irin ara rẹ̀. Lára ohun tí kì í ṣe ìwọ lo yàn án, irin ni ibi àkọ́kọ́ tí ìwọ fúnra rẹ ti lè ní, "Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyí." Bí ọjọ́ títà bá sì dé, wàá kó irin àtijọ́ jáde látinú ọ̀rá tí o dì í sí, wàá dá a padà, ẹni tó fẹ́ rà á ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, n kì í bá àwọn tó ń pè é ní àṣejù ṣe àríyànjiyàn gígùn. Ẹni tí kò tíì ra ohun tó wù ú rí ni yóò mọ bó ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ irin yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1951, nígbà tí Leo Fender gbé Precision Bass jáde ní Kalifóníà, irin tí wọ́n fi kúróòmù bò ló fi sí i, bí irin ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà ìgbà náà ṣe ń dán. Ó tún fi ìdérí méjì sí i, ọ̀kan lórí píkọ́ọ̀pù tó ń gba ohùn okùn, ọ̀kan lórí bíríìjì. Ọ̀pọ̀ oníbéèsì tú ìdérí yẹn kúrò, wọ́n ní ó ń dí ọwọ́ àwọn lọ́wọ́. James Jamerson, ẹni tó ta béèsì nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ilé iṣẹ́ Motown ní Detroit, fi tirẹ̀ sílẹ̀. Fóòmù wà lábẹ́ ìdérí bíríìjì tó ń fọwọ́ kan okùn, tí kì í jẹ́ kó dún pẹ́ jù. Ohùn kúkurú, tó nípọn, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn sì ń ti ibẹ̀ jáde. Ohun tí àwọn mìíràn rí bí ẹ̀ṣọ́ lásán, iṣẹ́ ló ń ṣe fún un.

Wúrà náà pẹ́ lágbo. Ní 1954, ilé iṣẹ́ Gibson gbé Les Paul Custom jáde, gìtá dúdú tí gbogbo irin rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ wúrà, kó lè bá kóòtù dúdú tí olórin ń wọ̀ lálẹ́ mu. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, irin dúdú ló gbòde. Nílé níbí, Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ jùjú International Brothers sílẹ̀ ní 1964, àwọn ẹgbẹ́ jùjú sì ń gbilẹ̀ sí i títí tí gìtá fi pọ̀ lórí ìtàgé wọn tí béèsì sì fìdí múlẹ̀ láàárín wọn. Nígbà tí King Sunny Adé gbé Juju Music jáde lọ́dọ̀ Island Records ní 1982, ìlù àti gìtá ló ń sọ̀rọ̀ síra wọn, béèsì ló ń tẹ́ ilẹ̀ fún wọn. Ẹgbẹ́ jùjú kì í gun ìtàgé lóríṣiríṣi aṣọ. Àǹkóò ni wọ́n ń wọ̀, látorí olórin dé orí ẹni tó ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwa tí a dàgbà nídìí àwo orin àti fídíò wọn ti mọ̀ látẹ̀yìnwá pé bí ẹgbẹ́ orin ṣe rí lójú wà lára ohun tí wọ́n ń tà. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ayé rẹ̀ yàtọ̀ síra. Kúróòmù le gan-an. Òógùn kì í tètè rí i gbé ṣe, ìnuwọ́ lásán ló fẹ́. Níkẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ dán, lẹ́yìn náà á ṣú bíi ṣíbí àtijọ́. Wúrà ní tirẹ̀ kì í dípẹtà, àmọ́ ó rọ̀, èyí tí wọ́n sì fi ń bo irin gìtá fẹ́lẹ́ débi pé nínípọn rẹ̀ kì í sábà tó ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà kan. Níkẹ́ẹ̀lì ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ bá ti ń lọ tó ti ń bọ̀, òógùn àti iyọ̀ ara á máa bá a fà á títí yóò fi ṣí. Lára bíríìjì wúrà tèmi, etí kan wà tí àtẹ́lẹwọ́ mi máa ń sinmi lé nígbà tí mo bá fẹ́ kí okùn dún kúkurú. Wúrà ti kúrò níbẹ̀, ó ṣí ní ìrísí ìdí àtẹ́lẹwọ́ gan-an, funfun láàárín, pupa rẹ́súrẹ́sú létí. Ẹni tó bá mọ béèsì lè wo ibẹ̀ kó sọ bí mo ṣe ń gbé ọwọ́ sí i láìtíì gbọ́ mi rí. Étienne Mbappé, ọmọ Kamẹrúùnù tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníbéèsì tí ọwọ́ wọn yá jù láyé, ìbọ̀wọ́ dúdú ló máa ń wọ̀ ta béèsì. Bí èmi bá wọ ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ Àìkú ní Karmo, wọ́n á ní àìsàn ń ṣe mí.

Ọ̀tá wúrà kejì ni àwọn tó fẹ́ràn wa. Ìyá kan wà nínú ìjọ tó fẹ́ kí ohun gbogbo tó wà nílé Ọlọ́run máa dán. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe fún ìkórè, ó fi Brasso àti aṣọ ìnulẹ̀ nu ọ̀pá fìtílà, ó nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, nígbà tó sì rí péègì gìtá mi, ó nu ìyẹn náà. Brasso máa ń họ nǹkan ni kó tó dán, wúrà fẹ́lẹ́ kò sì ní ohun tó pọ̀ lára tí yóò họ. Ìgbà tí mo dé, péègì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán yinrin, wọ́n funfun bíi ti gìtá tuntun. Ìyá dúró, ó ń retí kí n dúpẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́.

Dúdú ló ní ọgbọ́n àrékérekè nínú. Àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa fẹ́ irin dúdú, àmọ́ owó rẹ̀ kò ká a. Ó tú bíríìjì rẹ̀, ó gbé e lọ bá àwọn tó ń kun mọ́tò lẹ́bàá títì, wọ́n fi ọ̀dà dúdú fín in, ó gbẹ, ó dára. Ó dá a padà sórí gìtá ní alẹ́ Sátidé. Ní ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe tan jẹnẹrétọ̀, béèsì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùùù bí ẹni pé oyin wà nínú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan okùn, ariwo kò rọlẹ̀. Ó yí nọ́ọ̀bù, kò rọlẹ̀. Ẹni tó ń bá wa tún gìtá ṣe wá lọ́jọ́ kejì, ó wo bíríìjì náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kùn ún?"

"Àwọn oníṣẹ́ mọ́tò ni, ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n kùn ún dáadáa. Wọ́n kun ìdí rẹ̀ náà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Wáyà kan máa ń ti inú gìtá wá, orí rẹ̀ tó wà níhòòhò á fara ti ìdí bíríìjì. Ojú ọ̀nà tí ariwo iná ń gbà wọlẹ̀ ni: láti ara ẹni tó ń ta gìtá, sínú okùn, sínú bíríìjì, sínú wáyà, sínú jáàkì. Irin gbọ́dọ̀ kan irin. Bí ọ̀dà bá wà láàárín, ọ̀nà ti dí. Àwọn bíríìjì dúdú kan tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe, pàápàá tí wọ́n bá jẹ́ aluminíọ̀mù, lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, nítorí awọ dúdú ojú wọn kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ọ̀gá náà mú sáńpépà, ó họ ibì kan lábẹ́ bíríìjì tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ, ó họ inú ihò tí okùn ń gbà, àti ibi tí irin kéékèèké òkè ti fara kan irin ńlá. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Àbúrò wa fọwọ́ kan okùn, ariwo sì rọlẹ̀. Lójú, bíríìjì náà ṣì dúdú kirikiri.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tó bá rò pé ariwo kékeré ni. Iná tí à ń lò ní Nàìjíríà ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn G ìsàlẹ̀ lórí béèsì, ìyẹn ojú kẹta lórí okùn E, ń gbọ̀n ní ìgbà 49. Èyí ni pé ariwo iná wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ G, ó kàn fi díẹ̀ ga jù ú lọ. Bí orin bá wà ní kíì G, ó lè fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí bá gbé akọrin, tó bá gbé orin náà gun A-flat, àṣírí á tú lójú gbogbo ìjọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tó ń fi àwọ̀ nìkan ra irin á rí i pé ìwọ̀n tún wà. Ihò péègì kò bára dọ́gba láti gìtá kan sí òmíràn. Lórí ọ̀pọ̀ béèsì olókùn mẹ́rin, nǹkan bíi mìlímítà 19 ló wà láàárín okùn sí okùn níbi bíríìjì, àwọn mìíràn sì fún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò sukúrù bíríìjì tuntun lè máà bọ́ sórí ti àtijọ́, o ó sì ní láti lu igi. Ọ̀pá tí nọ́ọ̀bù ń wọ̀ pàápàá pín sí méjì: ti àwọn ará Éṣíà jẹ́ mìlímítà 6, ti Amẹ́ríkà fi díẹ̀ sanra jù ú lọ. Ẹni tó ń tà á á ní kò sí èyí tí kò ní wọ̀. Ó ta nọ́ọ̀bù wúrà kan fún mi rí tí kò wọ gìtá kankan nínú gbogbo gìtá tí mo mọ̀ láyé yìí. Ó wà lórí tábìlì mi, mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìyọnu yìí, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ẹ̀ṣọ́ ara ohun èlò orin kò yẹ ní ohun tí à ń fojú àbùkù wò, àmọ́ ó ní òfin tirẹ̀. Àwọn baba wa mọ òfin náà kí gìtá tó dé. Ìyá ìlù dùndún ní ṣaworo létí ojú rẹ̀, idẹ kéékèèké tó ń dán, tó ń mì. Túndé Kèlání tilẹ̀ ṣe fíìmù kan ní 1999 tó fi orúkọ rẹ̀ pè é ní Ṣaworoidẹ. Àjòjì á rí i, á ní wọ́n fi ṣe ìlù lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àyàn bá ń fi ìlù sọ̀rọ̀, ṣaworo ń dáhùn ṣẹkẹṣẹkẹ sí gbogbo ìlù tó lù. Tú u kúrò, ìlù náà á ṣì dún, etí tó mọ ìlù á sì mọ̀ pé ẹnìkan ti jáde nínú ilé. Ẹ̀ṣọ́ náà ti wọnú iṣẹ́. Fóòmù abẹ́ ìdérí Jamerson wà ní ìlà yẹn. Ọ̀dà dúdú tó dí ọ̀nà wáyà kò sí níbẹ̀. Bí ẹ̀ṣọ́ kò bá ní bá iṣẹ́ ṣe, ó kéré tán, kó yà fún un.

Bí mo ṣe wá ń ṣe tèmi báyìí nìyí. Ibi tí ọwọ́ mi ń dé ní gbogbo ìgbà, ìyẹn bíríìjì àti nọ́ọ̀bù, mo ń múra láti dá kúróòmù padà síbẹ̀, nítorí kúróòmù lè fara dà á. Péègì á dúdú. Irin ẹ̀yìn, níbi tí ọrùn ti so mọ́ ara, àti bọ́tìnì bẹ́líìtì, ni mo fi wúrà sí, nítorí ọwọ́ kì í pọ́n wọn lójú. Àwọn kan ti sọ fún mi pé kò bára mu, pé ó dà bí ẹni tó múra lókùnkùn. Onílù wa tilẹ̀ bi mí pé irin ẹ̀yìn yẹn, tó jẹ́ pé ikùn mi ló dojú kọ, ta ni mo fẹ́ kó rí i.

Mo ní kó lọ bi obìnrin tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́dìí lábẹ́ aṣọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dára ló ń wá ẹni tí yóò wò ó. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ń jẹ́ kí n gbé gìtá náà jáde nínú àpò rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú, ó ń jẹ́ kí n nù ún kí n tó gbé e padà, ẹni tó bá sì ń nu gìtá rẹ̀ lóòrèkóòrè ni yóò tètè rí i pé sukúrù kan ti dẹ̀, pé okùn kan ti ń kú. Èrè tí mo ń rí nídìí rẹ̀ nìyẹn, ó sì tó mi.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ọmọdé oníbéèsì kan bá wá bi mí irin tó yẹ kó rà, n kì í kọ́kọ́ dá a lóhùn nípa àwọ̀. Mo máa ń ní kó jẹ́ kí n gbọ́ gìtá rẹ̀ ná. Bí ọyẹ́ bá ti gbẹ igi ọrùn rẹ̀ tí etí àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú rẹ̀ fi ń gé ọwọ́, kó lọ tún ìyẹn ṣe. Bí ó bá ń kùn, kó lọ wá ibi tí wáyà ti já. Èyí tó wá kẹ́yìn nínú wọn, ọmọdékùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ní Idu, okùn gìtá rẹ̀ ti dípẹtà débi pé ó ń ta sí ọmọ ìka mi bíi yanrìn.

"Gbàgbé wúrà ná," mo ní. "Okùn ni kí o kọ́kọ́ pààrọ̀."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Àwọ̀ wo ni kí n rà? Okùn dúdú wà báyìí, wọ́n ní pupa náà wà."